Ẹ̀rọ Ìgbàlódé àti Ọ̀rá Oògùn Màmá
Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ẹnu Alukoro Ẹgbẹ́, fún ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa ní Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa ti ṣe mẹ́wàá, a kò tú ká. Ọlọ́run ló ṣe é.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé àti oògùn lílò, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan òṣìṣẹ́ báńkì nínú ọ̀rọ̀ oògùn, nígbà tí a ní apoògùn àti nọ́ọ̀sì nínú ẹgbẹ́.

Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ báńkì àti iṣẹ́ apoògùn jọ ara wọn ju bí a ṣe rò lọ. Nínú méjèèjì, òdo kan péré lè da ilé rú. Bí kaṣíà bá fi òdo kan kún owó oníbàárà, ariwo á sọ, ṣùgbọ́n ìwé á fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn, a ó sì dá owó padà. Bí òdo kan bá kún oògùn ọmọ ọwọ́, kò sí báńkì tó lè dá ìyẹn padà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ méjèèjì kò fi gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹnì kan ṣoṣo. Ní báńkì, ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló máa fọwọ́ sí i pé kó lọ. Nílé ìwòsàn, dókítà á kọ oògùn, apoògùn á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fúnni, nọ́ọ̀sì á tún wò ó kó tó fún aláìsàn lò. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wọ inú iṣẹ́ méjèèjì, ojú kan ni wọ́n fi kún ojú tó ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ká jọ bi ara wa ni pé: láti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń po oògùn títí dé ẹnu ẹni tó máa gbé e mì, ibo ni ojú wà, ibo ni kò sí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti iléeṣẹ́. Ní 1990, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní kékeré, àwọn òbí kan ní Ìbàdàn àti ní Jos ra paracetamol olómi fún ọmọ wọn tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ọmọ tó lé ní 100 ló kú. Kíndìnrín wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wà nínú oògùn náà. Ó dùn lẹ́nu, ó jọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi po oògùn, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Inú omi tí wọ́n ń bù sí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni a ti ń bá irú rẹ̀ pàdé. Ọdún 18 lẹ́yìn náà, ní 2008, kẹ́míkà yìí kan náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé tó ń jẹ́ My Pikin, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ní 2022, ó di ti Gambia, níbi tí àwọn ọmọ bí 70 ti kú, tí wọ́n sì rí kẹ́míkà náà nínú oògùn ikọ́ tó wá láti India. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó lè dá májèlé yẹn mọ̀ ti wà láyé tipẹ́. Wọn kò fi í wo kẹ́míkà náà kí wọ́n tó dà á sínú oògùn. Ojú wà, wọ́n dì í.

Ìjọba àpapọ̀ dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993. Ẹni tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dé etí ìyá aláta àti ìyá oníṣu ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, apoògùn tó di olórí rẹ̀ ní 2001. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, nítorí ayédèrú insulin ló gba ẹ̀mí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988. Láti ìgbà rẹ̀ ni gbogbo wa ti kọ́ láti máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe ayédèrú oògùn lè tẹ ayédèrú nọ́ńbà sí i lára pẹ̀lú.

Ìdí nìyẹn tí NAFDAC fi mú ọ̀nà mìíràn wá ní 2010. Ẹ ó ti rí i lára àwọn oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò: ibì kan wà tí a máa ń họ, bí a ṣe ń họ káàdì owó fóònù. Ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; 38353 ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Èsì á dé pé ojúlówó ni, tàbí pé ẹ má lò ó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé wa. Páálí kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sí méjì tó jọ ara wọn. Bí ẹnì kan bá ti fi nọ́ńbà kan béèrè, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti lò ó. Bí ọlọ́ṣà kan bá wá da nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ sára ẹgbẹ̀rún páálí, ẹni kejì tó bá fi í béèrè ni àṣírí máa tú sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Áfíríkà bíi tiwa wà lára àwọn tó ṣe aṣáájú iṣẹ́ yìí: Ashifi Gogo, ọmọ Ghana, wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ Sproxil sílẹ̀, Bright Simons, ọmọ Ghana pẹ̀lú, ló dá mPedigree sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: nínú gbogbo àwa tí a jókòó síbí, ta ló họ oògùn ibà tó lò kẹ́yìn? Ojú tí a kò là kì í ríran. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá họ, ẹni kejì kò lè rí ìkìlọ̀ kankan gbà.

Láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ ká dé ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn, ohun òkè òkun ni. Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí. Ní 1989, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá tí à ń pè ní OAUTHC, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Kuopio ní Finland, pawọ́ pọ̀ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ètò yẹn ló dàgbà di èyí tí wọ́n sọ ní MINPHIS, tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn ní Nàìjíríà náà sì gbà lò. Ní oṣù kẹrin 1993, Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ṣe ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí lílo kọ̀ǹpútà fún ètò ìlera ní Áfíríkà. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka báńkì ní ilẹ̀ wa ló ṣì ń fi ìwé lẹ́jà ńlá ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn Ifẹ̀ ti ń dán kọ̀ǹpútà wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àwa báńkì.

Kí ni àkọsílẹ̀ fi kan oògùn? Àkọsílẹ̀ ni ojú apoògùn. Apoògùn tí kò mọ oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò, tí kò mọ èyí tí ara rẹ̀ kì í gbà, tí kò mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ti rí, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé nínú òkùnkùn ni. Bí iná bá lọ, bí fáìlì bá sọnù, tí wọ́n sì ní kí aláìsàn ra káàdì tuntun, ojú yẹn ló fọ́.

Ìlú òyìnbó ti lo ojú yìí dáadáa. Ní ìlú Topeka ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì lọ dá mọ́tò tó háyà padà. Ó rí i tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí àmì onílà dúdú tó wà lára mọ́tò, tí gbogbo àkọsílẹ̀ mọ́tò náà sì jáde. Ó ní bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún mọ́tò, ó yẹ kí wọ́n lè ṣe é fún èèyàn. Lónìí, nílé ìwòsàn wọn, àmì kan wà lára oògùn, òmíràn wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn. Nọ́ọ̀sì á fi ẹ̀rọ ka méjèèjì. Bí oògùn kì í bá ṣe ti aláìsàn yẹn, tàbí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, ẹ̀rọ á kígbe. Àwọn ará wa tó wà ní London náà mọ̀ pé dókítà á tẹ orúkọ oògùn sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì dé ọ̀dọ̀ apoògùn láìsí pé ẹnikẹ́ni mú bébà dání. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, róbọ́ọ̀tì ló ń lọ mú páálí oògùn láti orí pẹpẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ apoògùn á máa bẹ̀rù pé ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwa ará báńkì ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ẹ̀rọ ATM gba owó kíkà lọ́wọ́ kaṣíà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ATM bá gbé káàdì mì, tàbí tí owó bá kúrò nínú àkáǹtì láìjáde sọ́wọ́, ọ̀dọ̀ èèyàn ni oníbàárà ń sáré bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gba hóró oògùn kíkà lọ́wọ́ apoògùn, kí ó fi àyè tó rí jókòó ti aláìsàn, kó bi í léèrè bó ṣe ń lò ó. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀rọ kì í ronú. Bí wọ́n bá kọ irọ́ sínú rẹ̀, irọ́ náà ni yóò máa tún sọ láìsinmi.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká dé ilé tiwa. Iléeṣẹ́ ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ní nọ́ńbà tí a ń họ, ilé ìwòsàn ní kọ̀ǹpútà. Inú yàrá ni èèyàn ti ń gbé oògùn mì, níbẹ̀ ni kò sì sí ojú kankan.

Ní 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé BVN jáde. Ẹni tó ní àkáǹtì ní báńkì márùn-ún, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀. Oògùn màmá wa kò ní BVN. Ilé ìwòsàn ńlá fún un ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kẹ́mísì itòsí ilé ta ti orúnkún fún un. Ọmọ tó wà ní London fi fítámì ránṣẹ́. Aládùúgbò ní kó gbìyànjú èyí tó bá òun lára mu. Alágbo náà kò gbẹ́yìn. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnì kejì fún un. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti pàdé ni inú ọ̀rá dúdú kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí nínú agolo bísíkíìtì àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń jẹ́ amlodipine. Iléeṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe é, oníkálukú sì ní orúkọ tó fi ń tà á. Ilé ìwòsàn fún màmá ní ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ ra òmíràn tó ní orúkọ mìíràn, màmá ń lo méjèèjì. Ẹsẹ̀ á wú, òòyì á máa kọ́ ọ, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Oògùn ara ríro ńkọ́? Diclofenac àti ibuprofen máa ń mú orúnkún fúyẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè dá egbò sínú ikùn. Dókítà tí kò mọ̀ pé màmá ń lò ó á rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ràn án, yóò sì fi kún un. Paracetamol tí a fojú kéré, hóró 500 mg mẹ́jọ ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ hàn níwájú páálí. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀ ń fìyà jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oògùn ibà artemether àti lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni a ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mélòó nínú wa ló ń dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì nígbà tí ara bá ti yá, tí a sì ń tọ́jú ìyókù de ibà tó ń bọ̀?

Ìwé tí wọ́n fi wé oògùn náà ń dà wá láàmú. Wọ́n á kọ 1 x 3 sí i. Ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn pé hóró kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹlòmíràn á kà á sí hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Àṣìkà ni yóò fi wọ inú ikùn, ìyá tí kò kàwé kò sì ní mọ̀ rárá.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àkànṣe ọdún kẹwàá wa. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan fẹ́ ká ra ẹ̀rọ ńlá kan, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, ká gbé e fún ilé ìwòsàn, ká ya fọ́tò. Èrò rere ni, mi ò tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ àtúnṣe, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àwa kò sì ní máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àbá tèmi ni pé kí a ṣe Ọjọ́ Ọ̀rá Oògùn ní Òkèrèwè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Bí yóò ṣe rí nìyí. A ó ta ìbòrí, a ó to àga. A ti ní méjèèjì. Gbogbo bàbá àti ìyá àdúgbò á gbé ọ̀rá oògùn wọn wá bó ṣe wà, àti àgbo pẹ̀lú, láìfi nǹkan kan pamọ́. A ó bẹ àwọn apoògùn inú ẹgbẹ́ wa, a ó sì kọ̀wé sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ apoògùn ní OAU kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wọ́n á tú ọ̀rá náà sórí tábìlì, wọ́n á wo ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́, wọ́n á ya èyí tó jẹ́ ìbejì sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ oògùn dókítà nù tàbí dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí nǹkan bá rú apoògùn lójú, yóò kọ lẹ́tà sí dókítà.

Lẹ́yìn náà, a ó kọ káàdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èdè Yorùbá: orúkọ oògùn, bó ṣe lágbára tó, àìsàn tó wà fún, iye hóró, òwúrọ̀ tàbí alẹ́, èyí tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti nọ́ńbà fóònù ọmọ kan. Fún ìyá tí kò kàwé, a ó ya oòrùn fún òwúrọ̀, a ó ya òṣùpá fún alẹ́. Káàdì yẹn ni yóò máa mú dání lọ sí ibikíbi tí wọ́n ti fẹ́ fún un ní oògùn. BVN oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ á wá dé ipò tirẹ̀. Fóònù tó wà lápò wa tó fún iṣẹ́ yìí. Ọmọ á ya fọ́tò káàdì náà, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ ní Èkó, ní London, ní Houston, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ohun tó ti wà nílé. A ó ṣètò aago fóònù màmá kó máa dún ní àkókò oògùn. A sì lè gba ohùn ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, kó má jẹ́ ariwo lásán: “Màmá, ẹ ti jẹun? Ó ti tó àkókò hóró funfun yẹn o.” Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà lókè òkun lè ra àpótí oògùn oníyàrá méje, tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀, dípò fítámì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Ẹnì kan lè ní iṣẹ́ yìí kò lórúkọ, pé káàdì kò ṣeé yà ní fọ́tò fún ìwé ìròyìn. Èmi ni alukoro, èmi ni mo mọ bí a ṣe ń gbé orúkọ ẹgbẹ́ jáde. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ìyá kan ní Òkèrèwè tí òòyì rẹ̀ dá nítorí pé a bá oògùn ìbejì nínú ọ̀rá rẹ̀ á kéde wa ju pátákó lọ.

Àwa fúnra wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń súnmọ́ àádọ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í béèrè orúkọ ẹgbẹ́ ẹni kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tiwa wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ tú.

Mo fi àbá yìí síwájú Alága àti ilé. Kí a tó pàdé láti dìbò lé e lórí, ẹ jọ̀ọ́, kí oníkálukú wa bá òbí rẹ̀ jókòó, kó fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo oògùn yín,” kó sì ka iye tó bá níbẹ̀. Ẹ mú iye náà wá sí ìpàdé.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Àwọn òbí wa á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀mí wa á ṣe ọdún púpọ̀ sí i láyé, nínú ìlera. Àṣẹ.